Bí a ṣe ń fi sóbò àti àwọ̀ ewéko mú sẹ́ẹ̀lì sólà gbà ìmọ́lẹ̀ sí i: ìtọ́sọ́nà láti Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àṣìgbọ́ kan kúrò nílẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ pé àwọ̀ ewéko lè mú sólà ṣiṣẹ́ sí i, ẹ má lọ se omi sóbò kí ẹ wá dà á sórí pánẹ́ẹ̀lì tó wà lórí òrùlé yín. Silicon ni wọ́n fi ṣe pánẹ́ẹ̀lì dúdú tí gbogbo wa ń rà yẹn, ohunkóhun tí ẹ bá sì kùn sójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló máa dí lọ́nà. Sẹ́ẹ̀lì tí mo fẹ́ kọ́ wa níbí yàtọ̀ sí i pátápátá. Ọdún 1991 ni Brian O'Regan àti Michael Grätzel kọ ìwé nípa rẹ̀ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Nínú sẹ́ẹ̀lì tiwọn, àwọ̀ gan-an ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun kan tó ń jẹ́ titanium dioxide ló wá ń gba iná lọ́wọ́ àwọ̀ náà. Tí ẹ bá yọ àwọ̀ kúrò, ìtànṣán ultraviolet tí ojú kì í rí nìkan ni ìyẹ̀fun náà lè mú nínú oòrùn, ìyẹn ò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ilẹ̀.

Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ yìí dá lórí nǹkan kan ṣoṣo: kí àwọ̀ di ìyẹ̀fun náà mú, kí omi má lè ṣàn án dànù. Àwọ̀ tó pọ́n fòò nínú ife lè má mú iná kankan wá. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun, bó tilẹ̀ ṣì fúyẹ́ lójú, òun ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ Físíìsì àti Kẹ́mísírì ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, pẹ̀lú ẹ̀yin ọmọ SS2 tó ń wá iṣẹ́ gidi tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe. Kí ẹ má baà retí ohun tí kò sí níbẹ̀: sẹ́ẹ̀lì ti ọdún 1991 yẹn sọ nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bà á di iná, àwọ̀ tí wọ́n fi irin ruthenium ṣe ni wọ́n sì lò. Pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé ti tó nǹkan bí ìdá 20. Àwọ̀ ewéko tí a bá ṣe nílé kì í sábà tó ìdá 1. Kò ní tan fáànù. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ṣe é tán ti mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń di iná ju ẹni tó kàn há a sórí lọ, ó sì ti mọ bí a ṣe ń mú nǹkan dára sí i ní díẹ̀díẹ̀, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa rà

Sóbò gbígbẹ ni olórí. Ọjà Sábó kún fún un, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èlò ọbẹ̀ gbígbẹ káàkiri Ìkòròdú. Ẹ má wulẹ̀ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún yín, ẹ béèrè.

“Ẹ kú ọjà o, Màmá. Sóbò yìí, ṣé tuntun ni?”

“Tuntun ni, ọmọ mi. Èyí tó ti ń ṣú lọ sí àwọ̀ ilẹ̀ nínú àpò ọ̀hún ni ti èṣí. Mú èyí tó pọ́n dúdú yìí.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Sóbò tó ti pẹ́ nínú oòrùn àti afẹ́fẹ́ máa ń di àwọ̀ ilẹ̀, nítorí pé anthocyanin, èròjà tó ń fún un ní pupa, ti bàjẹ́. Èyí tó pọ́n títí tó fi fẹ́ẹ̀ dúdú ni kí ẹ mú, ẹ sì gbé e sínú ike tí ìmọ́lẹ̀ ò lè wọ̀. Gíráàmù 10 tó fún iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Gíláàsì ló ṣòro díẹ̀. Kì í ṣe èyí tí àwọn oníwíńdò ń gé. Gíláàsì tó ń gbé iná ni, FTO ni orúkọ tí wọ́n ń pè é, ẹ sì lè pàṣẹ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kékeré-kékeré. Méjì ni sẹ́ẹ̀lì kan ń gbà. Tí oníṣòwò bá ní ITO, irú gíláàsì agbéná mìíràn, lòun ní, ẹ má gbà á fún iṣẹ́ yìí: iná tí a máa fi sun ún máa ń ba agbára ìgbéná ITO jẹ́, FTO ló ń fara dà á.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni titanium dioxide. Àwọn tó ń po ọ̀dà náà ń lo èyí tí wọ́n ń tà fún ọ̀dà, hóró rẹ̀ sì tó nǹkan bí nanometer 200 sí 300 (nanometer kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan mìlímítà). Ó tóbi jù fún wa. Èyí tí hóró rẹ̀ wà ní nǹkan bí nanometer 20 sí 25 ni kí ẹ béèrè. Ìdí nìyí: tí hóró bá kéré, ojú tí àwọ̀ lè lẹ̀ mọ́ á pọ̀. Ìpele tínrín tí kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà lọ, lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, lè ní ojú tó tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan nínú ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo agbára sẹ́ẹ̀lì yìí wà.

Áyódìnì kíríísítà, potassium iodide àti ethylene glycol wà lọ́wọ́ àwọn oníkẹ́míkà. Àwọn ará Ìkòròdú tó bá ń lọ sí ìgboro lè yà ní Ojọ́ta, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ẹ fi kún un: fínígà, ọsàn wẹ́wẹ́, pẹ́ńsùlù 6B, sélótéèpù, kílíìpù ìwé dúdú, ọṣẹ ìfọbọ́, mítà tí àwọn oníná ń lò, odó kékeré oníṣẹ́ oògùn (kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń gún ata), àti omi bátìrì ọkọ̀. Ẹ yẹ ìgò omi bátìrì náà wò dáadáa, torí ásíìdì bátìrì náà wà lórí àtẹ kan náà. Omi lásán tí wọ́n ti sè mọ́ la fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ojú tó ń gbé iná

Ẹ yí mítà sí òòmù, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan gíláàsì. Ojú kan máa fún yín ní nọ́ńbà, òòmù mẹ́wàá sí ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ojú kejì ò ní fún yín ní nǹkan kan. Èyí tó fún yín ní nọ́ńbà la máa ṣiṣẹ́ lé. Ẹ fi máàkà sàmì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi bátìrì fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ẹ má fọwọ́ kan àárín rẹ̀ mọ́. Òróró ìka ò ní jẹ́ kí ìyẹ̀fun mú.

Ìgbésẹ̀ kejì: pípo ìyẹ̀fun

Ẹ fi fínígà ìwọ̀n kan sínú omi bátìrì ìwọ̀n mẹ́wàá. Ẹ bo imú yín, ẹ da gíráàmù 6 ìyẹ̀fun sínú odó, kí ẹ máa fi omi fínígà náà sí i ní mìlílítà kọ̀ọ̀kan, títí dé 9, bí ẹ ṣe ń lọ̀ ọ́. Ìdajì wákàtí ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́. Ó gùn, àmọ́ hóró tó ṣù pọ̀ ò ní gba àwọ̀ wọnú. Tí ó bá ti ki bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, tí kò sí kókó nínú rẹ̀ mọ́, ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ ẹyọ kan sí i, ẹ rò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó má hó, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìgbésẹ̀ kẹta: títẹ́ ẹ àti sísun ún

Ẹ fi sélótéèpù lẹ etí gíláàsì mẹ́ta, kí sẹ̀ǹtímítà méjì lóròó àti méjì níbùú ṣẹ́ kù láàárín. Ẹ kán ìyẹ̀fun pípò sí òkè, ẹ fi etí gíláàsì mìíràn wọ́ ọ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má tún un wọ́ ní ìgbà kejì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ bó sélótéèpù.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti sun ún, lórí sítóòfù oníná tó le tàbí lórí gáàsì tí ẹ gbé àwọ̀n irin lé. Nǹkan bí 450 lórí òṣùwọ̀n Celsius la ń wá, fún ìdajì wákàtí. Ẹ jókòó tì í kí ẹ máa wò ó. Ìpele funfun náà á kọ́kọ́ di àwọ̀ ilẹ̀, á rú èéfín díẹ̀, torí ọṣẹ àti fínígà ló ń jóná. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ ilẹ̀ yẹn á máa ṣá, á sì tún funfun padà. Funfun kejì yìí lẹ ń dúró dè. Tí kò bá padà funfun, iná yín ò tó, àwọn hóró ò sì tíì so mọ́ra.

Ẹ pa iná, kí ẹ fi gíláàsì sílẹ̀ níbẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀mú gbé e sórí sìmẹ́ńtì tútù á gbọ́ ìró bó ṣe ń fọ́. Iléèwé tó bá sún mọ́ Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkòròdú, èyí tí a mọ̀ sí Poly kí ọdún 2022 tó dé, lè lọ bẹ̀ wọ́n bóyá wọ́n lè bá wọn fi iná ìléru sun ún. Ìyẹn ló dára jù, torí ìléru kì í gbóná níhìn-ín kó tutù lọ́hùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọ̀

Ibí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń se sóbò mímu: wọ́n á gbé e kaná, á hó títí, wọ́n á fi atalẹ̀ àti ṣúgà sí i. Ẹ gbàgbé ìyẹn lónìí. Ooru tó pọ̀ máa ń ba anthocyanin jẹ́. Àwọn onímọ̀ kan ní Thailand dán an wò lọ́dún 2007 pẹ̀lú sóbò kan náà yìí. Nígbà tí wọ́n fa àwọ̀ rẹ̀ jáde nínú omi tó gbóná dé 100, ìdá 0.37 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló di iná. Nígbà tí wọ́n dín ooru kù sí 50, tí wọ́n sì mú un kan sí i, ó di ìdá 0.70. Ewéko kan náà ni, owó kan náà, iná fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Tí ẹ ò bá ní ohun tí a fi ń wọn ooru, ẹ da ife kan omi tó ń hó mọ́ ife méjì omi tí kò gbóná. Ó máa wà ní nǹkan bí 50. Omi bátìrì ni kí ẹ lò fún un. Omi bọ́hòlù tó ń fi ìpata pupa sára bọ́kẹ́ẹ̀tì ní irin nínú, irin yẹn á di àwọ̀ mú kí ìyẹ̀fun tó rí i, sóbò yín á sì ṣú. Ẹ da gíráàmù 10 sóbò sínú mìlílítà 100 omi náà, ẹ bò ó, ẹ fi sí òkùnkùn fún wákàtí kan. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ tún fi òwú sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa rí i bí pupa rẹ̀ ṣe ń tàn. Anthocyanin fẹ́ràn kíkan. Tí kaun bá kàn án, ó máa yí sí búlúù tàbí àwọ̀ ewé, ó sì máa bàjẹ́ láìpẹ́. Ásíìdì líle ni àwọn ará Thailand yẹn fi mú un kan dé òdiwọ̀n pH 1 (bí nọ́ńbà pH bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó). Èmi ò ní kí ọmọ iléèwé kankan fọwọ́ kan irú ásíìdì bẹ́ẹ̀ láìsí olùkọ́ nítòsí. Ọsàn wẹ́wẹ́ tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí gíláàsì yín bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí rinrin afẹ́fẹ́ tó wọnú rẹ̀, ẹ rì í sínú sóbò, kí ojú funfun kọjú sókè. Ní ìlú tó wà létí ọ̀sà bíi tiwa, rinrin yìí kì í ṣeré. Ẹ wò ó bí àwọ̀ ṣe ń wọlé: etí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yí, lẹ́yìn náà àárín. Omi inú abọ́ pupa ni, ṣùgbọ́n àwọ̀ tó wà lára gíláàsì ń lọ sí àwọ̀ àlùkò. Ìyípadà yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé àwọ̀ ti di titanium mú, kò kàn lúwẹ̀ẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí ẹ gbé e sókè, ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ bá ṣì rí funfun, ẹ dá a padà sínú abọ́.

Ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù ló tẹ̀ lé e. Ẹ fi omi bátìrì ṣàn án, lẹ́yìn náà ẹ fi sípíríìtì tí kò ní àwọ̀ ṣàn án kó lè gbẹ kíá. Sípíríìtì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísíìtì ò dára, torí tirẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ti sóbò. Tí omi tó ń ṣàn sílẹ̀ bá mọ́ láìpẹ́, tí àwọ̀ àlùkò sì dúró lára gíláàsì, ẹ ti ṣe é.

Kí ló dé tí sóbò fi ń di ìyẹ̀fun mú? Anthocyanin rẹ̀ ní apá hydroxyl (ọ́síjìn àti háídrójìn tó so pọ̀) méjì tó sún mọ́ra, méjèèjì ló sì jọ ń gbá titanium mú. Ewé ugu àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bá fi sípíríìtì fa àwọ̀ wọn á tutù yọ̀yọ̀ nínú ife, chlorophyll, èròjà aláwọ̀ ewé inú wọn, sì ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní irú apá bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, gíláàsì á fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun padà. Èlú tí àwọn aláró fi ń rẹ àdìrẹ kì í yòrò nínú omi lásán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo eérú nínú ìkòkò aró. Kò bá iṣẹ́ yìí mu. Osùn ń yòrò nínú sípíríìtì ju omi lọ, pòròpórò ọkà bàbà sì ń fún ni ní pupa tó lẹ́wà, ẹ lè fi wọ́n ṣe ìdánwò kejì àti ìkẹta. Ìdánwò ṣíṣàn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wọ́n jẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn iná.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé ká po àwọ̀ méjì pọ̀ kó lè lágbára sí i. Àwọn ará Thailand yẹn ṣe é: wọ́n po sóbò mọ́ òdòdó búlúù kan, ìdá 0.15 ni wọ́n rí, ó kéré sí sóbò nìkan. Àwọ̀ tí kò lágbára gba àyè lọ́wọ́ èyí tó lágbára ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gíláàsì kejì àti omi áyódìnì

Ẹ fi pẹ́ńsùlù 6B kun ojú tó ń gbé iná lára gíláàsì kejì títí kò fi sí àlàfo. Kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún omi rẹ̀, ẹ wọn potassium iodide gíráàmù 0.83 àti áyódìnì gíráàmù 0.127 sínú mìlílítà 10 ethylene glycol, ẹ mì ín títí yóò fi yòrò. Iṣẹ́ omi yìí ni láti dá ohun tí àwọ̀ pàdánù padà fún un, kí àwọ̀ lè tún ìmọ́lẹ̀ gbà. Áyódìnì ìtọ́jú egbò tí wọ́n ti fi omi là kò lè rọ́pò rẹ̀, omi inú rẹ̀ á bó àwọ̀ kúrò lára ìyẹ̀fun. Ẹ jọ̀wọ́, ethylene glycol ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ẹ kọ orúkọ sí ara ìgò, ẹ tì í mọ́ ibi tí ọmọdé àti ewúrẹ́ ò lè dé.

Ẹ gbé ojú aláwọ̀ lé ojú pẹ́ńsùlù, kí etí kan yọ lọ́tùn-ún, kí èkejì yọ lósì, torí ibẹ̀ ni wáyà máa mú. Ẹ fi kílíìpù méjì há a. Ẹ kán omi áyódìnì sí etí rẹ̀, ẹ ṣí kílíìpù kan díẹ̀ kí ẹ pa á dé, kí ẹ ṣe èkejì bẹ́ẹ̀, omi á fa ara rẹ̀ wọlé. Ẹ nu èyí tó ṣẹ́ kù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: wíwọ̀n

Ojú aláwọ̀ ni kó kọjú sí oòrùn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹnu òdì iná wà, ẹnu rere sì wà níbi pẹ́ńsùlù. Lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn bá mú, fólítì 0.3 sí 0.5 ló yẹ kí mítà kà. Ẹ yí i sí milliamp, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní rẹsísítà oníyíyí ti òòmù 500 kó so ó mọ́ ọn, kó máa yí i, kó sì wá ibi tí fólítì tí a fi milliamp sọ di púpọ̀ ti ga jù. Ká ní ó fún yín ní fólítì 0.3 àti milliamp 1: milliwatt 0.3 nìyẹn. Oòrùn tó mọ́ kedere ń fún sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó ní nǹkan bí milliwatt 100, tiwa sì jẹ́ mẹ́rin, ìyẹn 400. Ẹ pín 0.3 sí ọ̀nà 400: ìdá 0.075 nínú 100. Kí ojú má tì yín, ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n oòrùn Ìkòròdú kì í dúró sójú kan. Kùrukùru lè kọjá láàárín sẹ́ẹ̀lì kìíní àti ìkejì, kí ẹ sì rò pé ewéko ló fà á. Ẹ wá pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan, ti ara tọ́ọ̀ṣì sólà tó ti bàjẹ́ tó, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ẹ̀lì yín, kí ẹ máa wọn milliamp tirẹ̀ náà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Tí tirẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló dín kù. Ẹ tún ṣe sẹ́ẹ̀lì kan tí ẹ ò rì sínú àwọ̀ rárá. Iye tí sóbò fi ju òun lọ, àwọ̀ ló mú un wá.

Tí ẹ bá fẹ́ mú un dára sí i láti ibí, nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan: ooru omi, tàbí kíkan rẹ̀, tàbí iye wákàtí tó lò nínú àwọ̀. Ẹ tọ́jú ìwé kan fún un. Ẹni tó bá yí mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ò ní mọ èyí tó ràn án lọ́wọ́.

Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí ẹ bá so tẹ̀ lé ara wọn, rere mọ́ òdì, lè tó fólítì 1.5, ó sì lè gbé ẹ̀rọ ìṣirò kékeré. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, àwọ̀ á sì máa ṣá. Ẹ kọ́kọ́ kán omi áyódìnì sí i wò. Tí kò bá jí, ẹ tú u, ẹ fi sípíríìtì ṣan áyódìnì kúrò dáadáa, kí ẹ sun gíláàsì onítitanium náà bíi ti àkọ́kọ́. Àwọ̀ àtijọ́ á jóná, ojú rẹ̀ á funfun, ẹ sì lè rì í sínú sóbò tuntun.